Ibo ni a ti ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì?

Òǹkàwé kan tó ń kọ́ èdè Ítálì nílùú Ìbàdàn, nítorí pé ó fẹ́ lọ kàwé gboyè kejì ní Bologna, fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè Ítálì sọ pé sílébù tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pe parliamo, ‘à ń sọ̀rọ̀’, olùkọ́ mi ní mo gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe pe parlano, ‘wọ́n ń sọ̀rọ̀’, ó ní mo ṣì í. Báwo ni mo ṣe lè mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀-ìṣe sí sílébù, báwo ni mo sì ṣe lè mọ èyí tí mo máa tẹnu mọ́ nínú wọn?”

Ìwé tí ẹ ń kà kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni pé sílébù kejì láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹnu mọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ èdè Ítálì; parola piana ni àwọn ará Ítálì ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀-ìṣe, kì í ṣe iye sílébù ló ń pinnu ibi tí ìtẹnumọ́ máa wà. Gírámà ló ń pinnu rẹ̀: ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, bóyá ẹyọ ni tàbí ọ̀pọ̀, àti àsìkò tó ń ṣe é. Ẹni tó bá kàn ń ka sílébù láti ẹ̀yìn wá yóò gbà á lónìí, yóò ṣì í lọ́la, kò sì ní mọ ohun tó fa èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ àwọn àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ sílébù tí a tẹnu mọ́: par-LIA-mo, PAR-la-no. Yàtọ̀ sí àmì tí ìwé Ítálì fúnra rẹ̀ ń lò, n kò fi àmì sórí fáwẹ̀lì, ó sì nídìí. Àmì tó rí bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ wa ni àwọn ará Ítálì sábà máa ń fi sórí fáwẹ̀lì ìparí nígbà tí ìtẹnumọ́ bá bọ́ síbẹ̀, bí ó ṣe wà nínú parlò, ‘ó sọ̀rọ̀’, àti parlerà, ‘yóò sọ̀rọ̀’. Ẹni tó ti mọ Yorùbá kà dáadáa yóò rí àmì yẹn, yóò sì rẹ ohùn sílẹ̀ láìrò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí agbára ohùn wà. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ju gbogbo àṣìṣe yòókù lọ, àwọn tó mọ àmì ohùn lò dáadáa ló sì máa ń ṣe jù. Nígbà tí ìtẹnumọ́ bá wà níbòmíràn nínú ọ̀rọ̀, ìwé Ítálì kì í sábà fi àmì kankan hàn rárá, ìdí sì nìyẹn tí ojú lásán kò fi lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín parlano àti parliamo fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀. Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe bread òyìnbó ní búrẹ́dì. Tí ẹ bá gbé àṣà yẹn lọ sínú èdè Ítálì, sílébù mẹ́ta inú par-la-no yóò di mẹ́rin lẹ́nu yín, ìṣirò tí ẹ bá sì ṣe lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Ítálì, kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo tó bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì máa ń bá fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e lọ: pre-PA-ro, ‘mò ń pèsè’. Tí l, m, n tàbí r bá ṣáájú kọ́ńsónáǹtì mìíràn, òun ló ń ti ilẹ̀kùn sílébù tó ṣáájú: PAR-la, CAN-ta, COM-pra. Tí wọ́n bá kọ kọ́ńsónáǹtì kan ní ìlọ́po méjì, a ó pín in sọ́tùn-ún sósì: MET-to, ab-BIA-mo, ìlọ́po méjì náà sì ni cq inú PIAC-que. Kọ́ńsónáǹtì tí l tàbí r bá tẹ̀lé kì í yà kúrò lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ A-pro, ‘mò ń ṣí i’, tí kò jẹ́ Ap-ro. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tó ń dúró fún ìró kan ṣoṣo kò ṣeé là sí méjì, bíi gn inú in-SE-gno, gli inú SBA-glio àti sc inú fi-NI-sce.

Lẹ́tà s ló máa ń dà ọ̀pọ̀ láàmú. Nínú àkọsílẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì, kì í ti ilẹ̀kùn sílébù tó ṣáájú. Ó ń bá kọ́ńsónáǹtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ ni: a-SPET-to, ‘mò ń dúró dè é’, àti fi-NI-sco, ‘mò ń parí rẹ̀’. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń gé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà nínú ìwé wọn náà nìyẹn.

Fáwẹ̀lì ló kù, ibẹ̀ ni ìtẹnumọ́ àti gígé ọ̀rọ̀ ti so pọ̀. Ní Yorùbá, gbogbo fáwẹ̀lì ló ń dá sílébù tirẹ̀ ní: sílébù mẹ́ta ni a-a-go. Nínú èdè Ítálì, tí i tàbí u bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwẹ̀lì mìíràn tí ìtẹnumọ́ kò sì sí lórí rẹ̀, ó ń dà bíi y tàbí w wa ni, kò sì ní sílébù tirẹ̀ mọ́: PIA-ce, VIE-ni, VUO-le, par-LIA-mo. Nínú di-CIA-mo àti man-GIA-mo, a kì í tilẹ̀ pe i náà. Ó kàn wà níbẹ̀ láti fi bí a ó ṣe pe c àti g hàn ni. Ṣùgbọ́n tí ìtẹnumọ́ bá bọ́ sórí i fúnra rẹ̀, ó di sílébù tó dá dúró. Ẹ wo studiare, ‘láti kẹ́kọ̀ọ́’, àti inviare, ‘láti fi ránṣẹ́’, tí ìparí wọn jọra nínú ìwé. ‘Mò ń kẹ́kọ̀ọ́’ jẹ́ STU-dio, sílébù méjì péré. ‘Mò ń fi ránṣẹ́’ jẹ́ in-VI-o, sílébù mẹ́ta. ‘Wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́’ jẹ́ STU-dia-no, ‘wọ́n ń fi ránṣẹ́’ sì jẹ́ in-VI-a-no. Àkọtọ́ pàápàá ń tẹ̀lé e: tu studi, ‘o ń kẹ́kọ̀ọ́’, ní i kan, tu invii, ‘o ń fi ránṣẹ́’, ní méjì, nítorí pé i tí a tẹnu mọ́ kò gbà kí ìparí gbé òun mì. Bákan náà ni scii, láti inú sciare, àti spii, láti inú spiare. Nítorí náà, kò sí bí ẹ ṣe lè gé ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -iare láìmọ ibi tí a ti ń tẹnu mọ́ ọn.

Ó wá kan ìbéèrè yín gan-an. Ẹ wo àsìkò ìsinsìnyí: PAR-lo, PAR-li, PAR-la, par-LIA-mo, par-LA-te, PAR-la-no. Nínú mẹ́fà yìí, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ló ru ìtẹnumọ́ nínú mẹ́rin, ìparí ló sì rù ú nínú méjì, ìyẹn noi, ‘àwa’, àti voi, ‘ẹ̀yin’. Ẹni kẹta ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀lé noi àti voi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni òun náà. Ẹni kẹta ẹyọ ló ń tẹ̀lé: ẹ mú PAR-la, ẹ fi -no sí i, ẹ má sì ṣí ìtẹnumọ́ kúrò níbi tí ẹ bá a. Ìtàn èdè ló fà á. Ní èdè Látìnì tí èdè Ítálì ti ṣẹ̀ wá, sílébù méjì péré ni ‘wọ́n ń kọrin’ ní: CAN-tant. Nígbà tó yá, t ìparí pòórá, fáwẹ̀lì o sì wọlé sẹ́yìn, ó di CAN-ta-no. Sílébù lé sí i lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìtẹnumọ́ kò kúrò lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí ìtẹnumọ́ wà lórí sílébù kẹta láti ẹ̀yìn báyìí ni wọ́n ń pè ní sdrucciola.

Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe tí gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ tún le díẹ̀ sí i. Abitare, ‘láti máa gbé ibì kan’, ń di A-bi-to, A-bi-ti, A-bi-ta, a-bi-TIA-mo, a-bi-TA-te, A-bi-ta-no. Ẹ ṣàkíyèsí èyí tó gbẹ̀yìn: sílébù kẹrin láti ẹ̀yìn ni a tẹnu mọ́, bisdrucciola ni wọ́n sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni te-LE-fo-na-no, ‘wọ́n ń tẹ̀ wọ́n láago’, àti FAB-bri-ca-no, ‘wọ́n ń ṣe é jáde’. Ṣùgbọ́n preparare, tí òun náà gùn, ń di pre-PA-ro, pre-PA-ra-no. Kò sí ohun kan nínú abitare àti preparare fúnra wọn tó lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín, nítorí pé nínú ìrísí tí ìwé atúmọ̀-èdè fi ń tò wọ́n, ìparí ló ru ìtẹnumọ́ nínú méjèèjì. Ìrísí io, ‘èmi’, nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀. Di-MEN-ti-co, de-SI-de-ro, im-MA-gi-no lọ́tùn-ún. In-VI-to, pre-NO-to, rac-CON-to lósì. Tí ẹ bá ti mọ io, gbogbo àsìkò ìsinsìnyí ti wà lọ́wọ́ yín, tó fi mọ́ ìrísí tó ń tẹ̀lé che, ‘pé’ tàbí ‘kí’: che A-bi-ti-no, che pre-PA-ri-no. Àwọn ará Ítálì pàápàá kì í fìgbà gbogbo fohùn ṣọ̀kan lórí io àwọn ọ̀rọ̀ kan. E-va-PO-ro ni èyí tó ti wà látijọ́ fún evaporare, àmọ́ e-VA-po-ro ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -ire, tó sì ń gba -isc-, kò ní wàhálà kankan, nítorí pé -isc- náà ló ń gba ìtẹnumọ́: fi-NI-sco, ca-PI-sco-no.

Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí fáwẹ̀lì gbòǹgbò wọn ń yí padà. Ìwé gírámà máa ń kó wọn sí ojú ìwé ẹ̀yìn pé wọn kò tẹ̀lé òfin, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ lórí ìtẹnumọ́ ló yẹ kí wọ́n wà. VIE-ne, ‘ó ń bọ̀’, ṣùgbọ́n ve-NIA-mo. SIE-de, ‘ó jókòó’, ṣùgbọ́n se-DIA-mo. VUO-le, ‘ó fẹ́’, ṣùgbọ́n vo-LE-te. MUO-io, ‘mò ń kú lọ’, ṣùgbọ́n mo-RIA-mo. E-sco, ‘mò ń jáde’, ṣùgbọ́n u-SCIA-mo. Ìlànà mẹ́rin-sí-méjì tí a rí nínú parlare náà ló wà níbí. Níbi tí gbòǹgbò bá ti ru ìtẹnumọ́, fáwẹ̀lì rẹ̀ sábà máa ń gbòòrò di ie tàbí uo (e àti u ló ń pààrọ̀ ara wọn nínú E-sco àti u-SCIA-mo). Níbi tí ìtẹnumọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀, fáwẹ̀lì náà á sún kì di e tàbí o. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìtẹnumọ́ wà kò ní kọ vieniamo láé.

Ìparí -ere tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ve-DE-re, te-ME-re, a-VE-re àti po-TE-re ń tẹnu mọ́ ìparí. PREN-de-re, SCRI-ve-re, LEG-ge-re àti MET-te-re ń tẹnu mọ́ gbòǹgbò. Oríṣi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú èdè Látìnì, èdè Ítálì ló kó wọn sábẹ́ òrùlé kan. Àwọn kan tilẹ̀ ti pààrọ̀ ilé: sa-PE-re àti ca-DE-re wà lára àwọn tó ń tẹnu mọ́ gbòǹgbò látijọ́, nígbà tí RI-de-re àti ri-SPON-de-re wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹnu mọ́ ìparí. Ẹ kọ́ wọn bí ẹ bá ṣe ń pàdé wọn.

Àsìkò tó kọjá tí wọ́n ń pè ní passato remoto tún gbé ìlànà gbòǹgbò àti ìparí yìí wá ní ọ̀nà mìíràn. Prendere di PRE-si, PRE-se, PRE-se-ro lórí io, lui, ‘òun’, àti loro, ‘àwọn’, ṣùgbọ́n pren-DE-sti, pren-DEM-mo, pren-DE-ste lórí àwọn yòókù. Ẹ wò ó pé loro tún tẹ̀lé ẹni kẹta ẹyọ.

Nínú àwọn àsìkò tó kù, ìparí ló sábà máa ń ru ìtẹnumọ́, ìbéèrè tó kù ni pé apá wo nínú ìparí náà. Ọjọ́ iwájú ló rọrùn jù. Látinú parlare àti ho, ‘mo ní’, ni parlerò ti wá. Ibi tí ho wà tẹ́lẹ̀ ni ìtẹnumọ́ wà títí di òní: par-le-RÒ, par-le-RAI, par-le-RÀ, par-le-RE-mo, par-le-RE-te, par-le-RAN-no, tí -hanno ṣì hàn kedere nínú èyí tó gbẹ̀yìn. Parlerebbe, ‘ìbá sọ̀rọ̀’, wá látinú parlare àti ebbe, ‘ó ní’ nígbà kan, nítorí náà par-le-REB-be, par-le-REB-be-ro. Ẹ ṣọ́ra fún par-le-RE-mo, ‘a ó sọ̀rọ̀’, àti par-le-REM-mo, ‘à bá sọ̀rọ̀’. Ibì kan náà ni a ti tẹnu mọ́ méjèèjì, fáwẹ̀lì kan náà ló wà níbẹ̀. M tó lọ́po méjì, tó ti ilẹ̀kùn sílébù ẹ̀kẹta, nìkan ló ya ìlérí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Par-LA-vo, ‘mo máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀’, par-LA-va, par-LA-va-no, ṣùgbọ́n par-la-VA-mo àti par-la-VA-te. Ẹ ti mọ ìlànà yẹn báyìí. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ ni -assimo. Nítorí pé ẹ ti gbọ́ par-LIA-mo, par-la-VA-mo àti par-le-RE-mo, etí yín yóò fẹ́ tẹnu mọ́ sílébù tó ṣáájú -mo nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n par-LAS-si-mo ni, ‘bí a bá sọ̀rọ̀ ni’, par-LAS-se-ro sì ni fún wọn. Irú kan náà ni FOS-si-mo. FU-ro-no àti E-ra-no, tí àwọn náà jẹ́ ti essere, ‘láti jẹ́’ tàbí ‘láti wà’, kò gba ìtẹnumọ́ láàárín rárá.

Tí arọ́pò orúkọ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, kò ní í ṣí ìtẹnumọ́ nípò. PAR-la di PAR-la-mi, ‘bá mi sọ̀rọ̀’. Te-LE-fo-na di te-LE-fo-na-mi. OR-di-na di OR-di-na-me-li, ‘bá mi pàṣẹ wọn’, tí ìtẹnumọ́ ti sún dé sílébù karùn-ún láti ẹ̀yìn láìkúrò ní ojú kan.

Ẹ ó béèrè pé, ṣé tí mo bá ṣì í, ṣé wọn kò ní gbọ́ mi ni? Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á gbọ́ yín, ojú wọn á kàn ṣe bákan ni. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ máa di ọ̀rọ̀ mìíràn. Perdono ni ẹ máa rí nínú ìwé fún PER-do-no, ‘wọ́n ń pàdánù’, òun náà sì ni ẹ máa rí fún per-DO-no, ‘mo dárí jì’. CA-pi-ta-no ni ‘wọ́n ń ṣẹlẹ̀’, ca-pi-TA-no ni ‘ọ̀gágun’ tàbí ‘ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi’, ca-pi-ta-NÒ sì ni ‘ó ṣe olórí wọn’. De-SI-de-ri ni ‘o fẹ́ ẹ’, de-si-DE-ri sì ni ‘àwọn ohun tí ọkàn ń fẹ́’.

Perdono yẹn ní ìrànlọ́wọ́ kan tí etí Yorùbá lè rí gbà ju etí ọ̀pọ̀ àjèjì lọ. Fáwẹ̀lì méje ni èdè Ítálì ní lábẹ́ ìtẹnumọ́, àwọn náà ni a, e, ẹ, i, o, ọ, u tiwa. Níbi tí kò bá sí ìtẹnumọ́, ẹ àti ọ kì í sí nínú èdè Ítálì tó péye. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ẹ tàbí ọ, ìtẹnumọ́ wà níbẹ̀. Nínú PER-do-no, ‘wọ́n ń pàdánù’, ẹ ni fáwẹ̀lì àkọ́kọ́. Nínú per-DO-no, ‘mo dárí jì’, e lásán ni. PAR-lo, ‘mò ń sọ̀rọ̀’, parí sí o, ṣùgbọ́n par-LÒ, ‘ó sọ̀rọ̀’, parí sí ọ.

Ní ti bí ẹ ó ṣe gbé e jáde lẹ́nu, ẹ ti ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí Yorùbá gba tísà àti kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ òyìnbó, ohùn òkè ni a fi sí ibi tí òyìnbó ti tẹnu mọ́ ọn. Ẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè nìkan kò tó fún èdè Ítálì. Ó ń fẹ́ gígùn. Fáwẹ̀lì tí a tẹnu mọ́ ń gùn tí sílébù rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ tí kì í sì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀. Tí kọ́ńsónáǹtì bá tì í pa, ó ń kúrú. CA-de, ‘ó ń ṣubú’, ní a tó fà gùn. CAD-de, ‘ó ṣubú’, ní a tó kúrú, d rẹ̀ sì ń dúró pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu. Níbí ni ẹ ti máa rí i pé tí ẹ kò bá gé ọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ kò lè tẹnu mọ́ ọn dáadáa.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ abitare nìkan mọ́. Ẹ kọ abitare, A-bi-to. Ẹ kọ preparare, pre-PA-ro. Ẹ kọ venire, VEN-go, VIE-ne. Tí io ọ̀rọ̀ kan kò bá dá yín lójú, ẹ wò ó nínú DOP, ìwé atúmọ̀-èdè lórí àkọtọ́ àti pípè tí RAI, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ítálì, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1969, tó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí.